Wọ́n ha ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ mi: ṣé kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀gbẹ́ kùn ni?

Ọlọ́kọ̀82

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mercedes 230E ọdún 1982 ni mo ń lò, búlúù tó dúdú, nọ́ńbà ọ̀dà rẹ̀ ni 904. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́, kò sí ẹni tó tún un kùn. Ẹnì kan ló gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá fa ìlà láti ilẹ̀kùn iwájú títí dé fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Níbì kan, ìlà náà kàn funfun lójú lásán ni. Níbòmíì, mò ń rí irin. Pẹ́ńtà tí mo fi hàn ní kí n jẹ́ kí òun fá gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà, kí òun tún un fín. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i? Ṣé ohun tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe ni?

Pẹ́ńtà_Àgbà

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńdípépà kan ọkọ̀ yẹn. Ọ̀dà tó ti ilé iṣẹ́ wá kì í ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá ti fá a dànù, ó lọ nìyẹn, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó tún un kùn dára tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ló máa yan ọ̀dà ilé iṣẹ́ tó lápá díẹ̀ ju èyí tó ń dán yinrinyinrin tí wọn ò mọ ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun. Ọkọ̀ òde òní, àwọ̀ ló wà nísàlẹ̀, kílíà tí kò láwọ̀ wá bò ó lórí. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kì í ṣe mẹ́tálíìkì (ọ̀dà tó ní èérún irin tó ń tàn nínú), àwọ̀ nìkan ló sábà máa ń wà níbẹ̀, òun náà ló ń dán fúnra rẹ̀. Inú àwọn ọdún 1980 ni kílíà tó wá gbòde kan. Ẹ bu kọ́ńpáùn (ìpara tó ń fá ojú ọ̀dà díẹ̀) tíńtín sórí àkísà funfun, ẹ lọ síbi tójú kì í tètè tó, bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ rọra fi ra á. Bí àkísà bá gba búlúù, kò sí kílíà níbẹ̀. Bó bá funfun bẹ́ẹ̀, kílíà lẹ̀ ń ra.

Fún ọkọ̀ tó dàgbà ju ti yín lọ, ìdánwò kejì wà: ṣé lákà (ọ̀dà tó ṣì ṣeé yọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ) ni àbí ẹ̀námẹ́ẹ̀lì (èyí tó máa ń le pa)? Ẹ fi tínà lákà, omi tí wọ́n fi ń là á, rin àkísà díẹ̀, ẹ fi kan ibi tó fara sin. Lákà á yọ́, á sì gun orí àkísà lójú ẹsẹ̀, kódà bó ti gbẹ láti àádọ́ta ọdún. Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi iná gbẹ ní ilé iṣẹ́ ò ní mira. Èyí tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló gbẹ ẹ́ lè hunjọ. Lákà yìí kì í ṣe nǹkan àná o: ọdún 1923 ni General Motors kọ́kọ́ fi Duco, lákà DuPont, kun ọkọ̀ Oakland, torí pé ọ̀dà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kì í tètè gbẹ rárá. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bí ẹ bá fín lákà sórí ẹ̀námẹ́ẹ̀lì, tínà inú rẹ̀ á gbé ti ìsàlẹ̀ dìde, gbogbo rẹ̀ á sì ká kò. Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì lórí lákà tó ti gbẹ dáadáa kì í sábà fa wàhálà.

Ti yín yìí, tó bá jẹ́ búlúù lásán tí kò ní èérún mẹ́tálíìkì nínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí kílíà lórí ẹ̀. Ẹ ṣáà dán an wò.

Ìyá_Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kẹ́ ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Yanrìn tó wà lára ọkọ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀ á tún fa ìlà mìíràn bí ẹ bá ti ń fi àkísà nù ún. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì láti fi ṣan kànrìnkàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sójú àpá náà. Ibi tí àpá bá ti pòórá nígbà tó tutù, tó tún yọjú nígbà tó gbẹ, òkè lásán ló wà; pọ́líìṣì á mú un kúrò. Ibi tí ẹ ṣì ń rí i nínú omi ti jìn jùyẹn lọ. Ẹ tún fi èékánná fà á lọ́nà ìdábùú. Bí èékánná bá kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́líìṣì mọ́.

Apá tó kàn funfun yẹn lára ọkọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ pé ọ̀dà yín ló ha. Rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi nǹkan tí wọ́n fi ń nu girísì àti wáàsì nù ún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́kàn jẹ́. Mo ti rí àpá tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí tó jẹ́ pé àkísà kan ló gbé e lọ.

Bó bá ṣẹ́kù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́líìṣì tó rọ̀ jù lọ. Ẹ má gbé kọ́ńpáùn tó le lọ́wọ́ àfi tí èyí tó rọ̀ bá kọ̀. Ojú ọ̀dà gbọ́dọ̀ tutù, ẹ má ṣe é nínú oòrùn. Díẹ̀díẹ̀, ẹ nù ún, ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wá, kì í ṣe èyí tó ti òkè wá. Kílíà ọkọ̀ tuntun kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù (ọ̀kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan) 40 sí 50 lọ, irun orí èèyàn sì tó nǹkan bíi 70. Nǹkan tó tín-ín-rín báyìí lẹ̀ ń fá lọ nígbà gbogbo tí ẹ bá fi kọ́ńpáùn ra ọkọ̀. Orí ibi tí irin ti ṣẹ́po, létí ilẹ̀kùn àti lórí ìlà ara ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù lọ. Ẹ lẹ téépù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ní kẹ́ ẹ fi pásítà ìfọyín tàbí WD-40 pa á, ẹ dákun ẹ rọra gbọ́ tiwọn. Òróró á kún inú àpá, ojú á rò pé ó ti lọ, òjò kan péré á dá a padà.

Àbúrò_Mẹkáníìkì

Ẹ̀gbọ́n, tí irin bá ti hàn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Bí ẹ ò bá tíì ráyè tún un ṣe, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi pràímà (ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ń di irin mú) tàbí wáàsì díẹ̀ bò ó ná. Ìpáàrà kì í dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀; abẹ́ ọ̀dà ló máa ń gbà rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀dà etí àpá ti wú sókè, ìpáàrà ti wọlé síbẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́kọ̀82

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe ìdánwò àkísà: búlúù ló gbà, kò sí kílíà. Mo tún fi nǹkan nu girísì, ìyá wa, èyí tó pọ̀ nínú ìlà funfun yẹn ló lọ! Ibi tó kù ò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ní àárín ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èékánná ń kọ́ ọ, irin sì hàn ní ibi méjì. Báwo ni mo ṣe máa kún un?

Pẹ́ńtà_Àgbà

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. A ò ní fín nǹkan kan nígbà náà. Fọ́ǹrán búrọ́ọ̀ṣì ni a máa lò, èyí tó kéré jù lọ tí ẹ bá rí, tàbí igi ìtayín tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Nọ́ńbà 904 tó wà lára àwo irin ọkọ̀ yín, ti ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde ni. Láti ìgbà náà wá, oòrùn ti jẹ lára rẹ̀. Ẹ gbé nǹkan kékeré tó ṣeé yọ lára ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń po ọ̀dà, bí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da epo. Ẹ kọ́kọ́ fi pọ́líìṣì nù ún kí ó lè fi àwọ̀ rẹ̀ gan-an hàn, torí ọ̀dà tó ti gbẹ lójú á ṣi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àwọ̀ lọ́nà. Kí wọ́n fi kun pátákó kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níta, nínú oòrùn àti lábẹ́ òjìji. Ẹ má fojú wo ọ̀dà tútù pinnu ohunkóhun: ó máa ń yí àwọ̀ bó bá gbẹ. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀dà tó ń dán fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, kí wọ́n má fún yín ní ti abẹ́ kílíà, nítorí pé ìyẹn á gbẹ láìdán.

Lẹ́yìn náà, irin. Ibi méjì yẹn, ẹ fi sáńdípépà 400 (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń kúnná tó) tí ẹ ká mọ́ ẹnu igi kékeré ra á títí irin á fi funfun, ẹ má jẹ́ kó kúrò nínú àpá. Bó bá ti dógùn-ún sínú ihò kéékèèké tí sáńdípépà ò lè dé, ẹ fi oògùn ìpáàrà tó ní ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì tọ́ ọ, ẹ dúró bí àkọlé rẹ̀ ṣe wí, ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọ̀. Ẹ nù ún pẹ̀lú nǹkan girísì. Ẹ má fi ìka lásán kàn án mọ́. Pràímà tó lè dí irin pa, epoxy, èyí tí wọ́n ń po nǹkan méjì pọ̀, ló dára jù, ẹ fi ẹnu igi ìtayín kán an sójú irin nìkan. Kó má kún dé òkè.

Bó bá gbẹ, ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, kó má nípọn. Ẹ fi ẹnu igi gbé e lọ sínú àpá, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹ má fà á bí ẹni ń kọ̀wé. Díẹ̀, ẹ dúró. Díẹ̀, ẹ dúró. Ọ̀dà tó nípọn lẹ́ẹ̀kan náà á gbẹ lókè, tínà á há sísàlẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan á wọlẹ̀, àpá á tún hàn. Ẹ máa ṣe é títí á fi yọ díẹ̀ ju ọ̀dà àyíká lọ. Ó máa burú lójú gan-an ní àkókò yìí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ wá fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ lákà, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan; òun ló máa ń sún kì jù. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń yún yín, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Lẹ́yìn náà, sáńdípépà 2000 lórí igi líle tó kéré bí ọmọ ìka, pẹ̀lú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀. Orí ọ̀dà tuntun nìkan ni igi yẹn gbọ́dọ̀ rìn. Ìka ọwọ́ rọ̀ jù, inú ọ̀dà àtijọ́ ló máa sáré wọ̀. Ẹ lè lẹ téépù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpá méjèèjì títí tí èyí tó yọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àyíká mu, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́. Ẹ nu omi kúrò, ẹ wò ó: ibi tó ṣì ń dán nínú ibi tó ti ṣú ni ìsàlẹ̀ tí sáńdípépà ò tíì kàn. Ẹ dúró kí ó tó kan ọ̀dà ilé iṣẹ́ púpọ̀. 3000 ló kàn, lẹ́yìn náà kọ́ńpáùn, lẹ́yìn náà pọ́líìṣì.

Àpá náà ò ní pòórá pátápátá. Bẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀ẹ́ rí i. Ẹni tó dúró ní ìwọ̀n apá kan ò ní rí i.

Jẹ́jẹ́Làáyé

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà, ẹ ń fi iṣẹ́ pá ọmọ ọlọ́mọ lórí. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ kí wọ́n fín ilẹ̀kùn kan péré, kó tán? Ọ̀dà òde òní le ju ti àtijọ́ lọ, oòrùn ò tètè mú un, ọkọ̀ sì wà fún gígùn, kì í ṣe fún wíwò.

Pẹ́ńtà_Àgbà

Ẹ ò parọ́ pé ọ̀dà òde òní le. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan péré ò ṣeé ṣe bí ẹ ṣe rò. Bí ẹ bá fín ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú búlúù tuntun, ilẹ̀kùn iwájú tó ti rí oòrùn láti 1982 á sọ ọ́ fáyé gbọ́. Kí ó tó bára mu, pẹ́ńtà gbọ́dọ̀ fín in wọ inú ilẹ̀kùn iwájú àti fẹ́ńdà, kí ó máa fẹ́lẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí pẹ́ńtà yín fi sọ pé gbogbo ẹ̀gbẹ́, Ọlọ́kọ̀82. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Lójú tirẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kùn ún rí, tàbí tí àpá náà gba ilẹ̀kùn já, èmi náà á ní kẹ́ ẹ fín in. Èyí tí kò gùn tó ẹsẹ̀ kan lára ọ̀dà ilé iṣẹ́? Rárá o.

Ìyá_Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Mo wà lẹ́yìn Pẹ́ńtà. Jẹ́jẹ́Làáyé, ẹni tó ń gun ọkọ̀ àtijọ́ lójoojúmọ́ gan-an ló yẹ kó ṣe é bẹ́ẹ̀, torí pé àpá mìíràn ń bọ̀. Ṣé ẹ̀ẹ́ máa fín ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún ni?

Adágbámú

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀dọ̀fóró yín. Ọ̀dà ọkọ̀ ayé ìgbà kan lè ní òjé nínú, pàápàá àwọ̀ yẹ́lò, ọsàn àti pupa. Ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ ra á. Omi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi àkísà tútù nu ẹrẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ má gbálẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí, kẹ́ ẹ sì bọ́ aṣọ yẹn kẹ́ ẹ tó wọlé lọ gbé wọn.

Ọ̀dà oníhádínà, èyí tí ẹ máa po nǹkan méjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó fín in, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ó máa ń fa ikọ́ fée, ẹni tó bá sì ti mú lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ á tún gbé e dìde. Àkísà tí ẹ dì mọ́mú ò lè dá a dúró, bóòjù lásán ò sì tó. Ihámọ́mú tó ń gba atẹ́gùn láti ìta ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò. Ẹ ò ní in nílé? Ẹ má fín irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nílé.

Àbúrò_Mẹkáníìkì

Ìbéèrè tèmi: fàdákà mẹ́tálíìkì ni ọkọ̀ tèmi, ó ní kílíà lórí. Ṣé ọ̀nà igi ìtayín yìí náà ni?

Pẹ́ńtà_Àgbà

Fún àmì tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìlà gígùn, rárá, kò ní dùn ún wò. Èérún mẹ́tálíìkì inú ọ̀dà máa ń sùn sílẹ̀ bí ẹ bá fín in. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á dúró gbọnrangandan lóríṣiríṣi, ibẹ̀ á sì dúdú ju àyíká lọ. Fàdákà ló burú jù nínú gbogbo wọn. Fífín ni, àwọ̀ á fẹ́lẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kílíà á sì bo gbogbo ilẹ̀kùn náà láti etí dé etí. Ẹ má jẹ́ kí kílíà parí láàárín ilẹ̀kùn, ìlà ibi tó parí sí á yọjú bópẹ́bóyá.

Tó bá jẹ́ ọ̀dà inú agolo lẹ máa lò, ẹ gbé agolo náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ (omi gbígbóná kọ́ o, ó lè bú), ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ẹ máa rìn kọjá láìdúró lójú kan. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ẹ má fín lákà: omi inú afẹ́fẹ́ á wọnú rẹ̀, á sì ṣú funfun. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tó ń ṣí lójú ọ̀dà tútù, sílíkóònù ara pọ́líìṣì ló wà níbẹ̀. Ẹ nù ún dànù, ẹ fọ ojú rẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀82

Mo ti ra ọ̀dà, wọ́n pò ó fún mi pẹ̀lú ìdérí ibi epo. Lórí pátákó, nínú oòrùn, ó bára mu. Lábẹ́ òjìji ó fi díẹ̀ pupa ju ti ọkọ̀ lọ. Ṣé kí n dá a padà?

Pẹ́ńtà_Àgbà

Ẹ dá a padà, kí wọ́n fi àwọ̀ ewé tíńtín pa pupa yẹn. Tíńtín gan-an ni o, kí wọ́n máa kán an. Ó rọrùn láti fi kún un ju láti yọ ọ́ lọ.

Ọlọ́kọ̀82

Ó yé mi. Ìbéèrè tó kù: ìgbà wo ni mo lè fi wáàsì bò ó?

Ìyá_Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kó tó oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá parí, kí tínà lè rọ́nà jáde. Ilẹ̀kùn yòókù, ẹ lè fi wáàsì bò ó lónìí, àmọ́ ẹ fi téépù yí àyíká àpá ká kẹ́ ẹ má baà kó wáàsì wọ ibi tí ẹ fẹ́ kùn. Ẹ dé ọ̀dà tó ṣẹ́kù pa gírígírí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sára rẹ̀.